Ojú Tí Àwọn Ará Íńdíà Fi Wo Lọ́ńdọ̀nù

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn ará Íńdíà kan wà tí ìrìn àjò wọn mú kí a tún ọ̀rọ̀ yìí rò. Láàárín ọdún 1800 sí 1931, wọ́n wọ Lọ́ńdọ̀nù, olú-ìlú àwọn tó ń jẹ gàba lé ilẹ̀ bàbá wọn lórí. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn ín, wọ́n jẹun níbẹ̀, òtútù ibẹ̀ mú wọn, wọ́n sì kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ kì í ṣe ìyìn lásán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èébú. Ìdájọ́ ni. Ẹni tí wọ́n ń ṣàkóso lọ wo ilé ẹni tó ń ṣàkóso rẹ̀, ó sì ròyìn.

Òyìnbó ayé ìgbà náà tó bá ti gbé Kàlìkọ́tà tàbí Bọ́ḿbè fún sáà díẹ̀ lè padà sílé lọ kọ ìwé nípa oúnjẹ, ìgbéyàwó àti ẹ̀sìn Íńdíà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Ìròyìn tó ń ti òdìkejì bọ̀ ló ṣọ̀wọ́n. Ọ̀nà jìn: kí wọ́n tó ṣí ipadò Suez ní ọdún 1869, ọkọ̀ tó bá ń ti Íńdíà lọ sí Yúróòpù gbọ́dọ̀ gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà yí po. Ohun kejì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù nígbà náà gbà pé ẹni tó bá ré òkun kọjá ti sọ ara rẹ̀ di aláìmọ́, àwọn ìran rẹ̀ sì lè ta á nù. Ẹni tó bá wá lọ pẹ̀lú gbogbo èyí, ohun tó rí níbẹ̀ kò ní jẹ́ ohun ṣeréṣeré lójú rẹ̀.

Mirza Abu Taleb Khan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ìròyìn tó kún nípa ìlú náà. Mùsùlùmí ni, ìlú Lucknow ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1752, ó sì ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí kí nǹkan tó dojú rú fún un. Ní oṣù Kejì ọdún 1799, ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Kàlìkọ́tà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, David Richardson, tó jẹ́ sójà ọmọ Scotland. Wọ́n kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Ireland, níbi tó ti pàdé ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ kan ní ìlú Cork, Dean Mahomed, ọmọ Patna, tó ti tẹ ìwé ìrìn àjò tirẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1794. Dean Mahomed yìí náà ló wá ṣí Hindoostane Coffee House sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1810, kí àwọn tó ti gbé Íńdíà rí lè rí oúnjẹ ibẹ̀ jẹ.

Oṣù Kìíní ọdún 1800 ni Abu Taleb wọ Lọ́ńdọ̀nù. Ètò ìkànìyàn àkọ́kọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe, ní ọdún tó tẹ̀ lé e, fi hàn pé àwọn olùgbé ibẹ̀ ti ń lọ sí mílíọ̀nù kan. Àwọn ọlọ́lá ìlú tẹ́wọ́ gbà á. Wọ́n ń pè é ní Ọmọ Ọba Páṣíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Íńdíà ni wọ́n bí i sí, tí kò sì bá ọba kankan tan. Ó fojú kan Ọba George Kẹta àti Ayaba Charlotte. Ó yin àwọn pápá ìgbafẹ́ tí ilé ńláńlá yí ká, ó yin àtùpà tó ń tàn ní òpópónà lóru, ó sì yin àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n ìyìn kò dí i lójú. Ó jókòó, ó to àléébù 12 àwọn Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní wọn kò ka ẹ̀sìn kún. Ó ní wọ́n gbéra ga, owó ni wọ́n sì ń fi ojoojúmọ́ ayé wá kiri. Ó ní wọ́n ń fi àkókò ṣòfò sórí oorun, oúnjẹ àti aṣọ wíwọ̀. Ó bá wọn wí pé bí wọ́n bá ti ka ìwé díẹ̀ nípa èdè ẹlòmíràn, wọ́n á máa rò pé àwọn ti gbọ́ ọ tán. Èyí tó fi kádìí rẹ̀ ni pé wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú àṣà àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Lẹ́yìn náà ló wá ka ìwà rere wọn náà, nítorí ẹni tó bá ń ṣe ìdájọ́ kò gbọdọ̀ wo apá kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ obìnrin ló mú kó jà jù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó bá pàdé máa ń káàánú àwọn obìnrin ilẹ̀ Éṣíà, wọ́n ní ẹrú inú ilé ni wọ́n. Abu Taleb kọ èsì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1801. Ó ṣàlàyé pé obìnrin tó jẹ́ Mùsùlùmí ní ilẹ̀ òun ní ohun ìní tirẹ̀ tí ọkọ kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ lórí àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, obìnrin tó bá ti wọ ilé ọkọ, ohun ìní rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ọkọ. Ọdún 1882 ni òfin tó fún obìnrin tó ti ṣègbéyàwó ní àṣẹ kíkún lórí dúkìá rẹ̀ tó jáde níbẹ̀. Àlejò ti tọ́ka sí ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ ní ọgọ́rin ọdún ṣáájú. Èdè Páṣíà ló fi kọ ìwé ìrìn àjò rẹ̀, Masir-i Talibi, lẹ́yìn tó padà sílé ní ọdún 1803. Nígbà tí Charles Stewart túmọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1810, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka ìdájọ́ ara wọn ní èdè tiwọn.

Ọmọ ọdún 17 ni Rabindranath Tagore, tó wá di akéwì, ní ọdún 1878, nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ rán an lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Nílé ní Bẹ̀ńgálì, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló ti kà dàgbà. Ó rò pé bí òun bá ti dé erékùṣù kékeré yẹn, ewì Tennyson ni òun yóò máa gbọ́ ní gbogbo igun, pé ibi yòówù kí òun dúró sí, ohùn olóṣèlú Gladstone yóò dé etí òun. Ohun tó bá níbẹ̀ yàtọ̀. Àwọn ọkùnrin ń sáré lọ síbi iṣẹ́, àwọn obìnrin ń ronú aṣọ, ìwọ̀nba ènìyàn ló sì ń sọ ọ̀rọ̀ ìwé. Ó kọ èyí ránṣẹ́ sílé nínú àwọn lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Bharati ní èdè Bẹ̀ńgálì. Kò gba oyè kankan kó tó padà sílé ní ọdún 1880. Nígbà tó tún padà lọ ní ọdún 1912, àpò tí ìwé ewì rẹ̀, Gitanjali, wà nínú rẹ̀ sọnù sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló gbàgbé rẹ̀. Wọ́n rí i gbà padà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó ẹrù tó sọnù sí, ìwé náà ló sì gbé Tagore dé ibi ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1913, òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Éṣíà tó gbà á.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1886, ará Íńdíà ti di ohun àfihàn gan-an ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, Ọbabìnrin Victoria ṣí ìpàtẹ ńlá kan ní South Kensington, níbi tí wọ́n kó ọjà àti iṣẹ́ ọwọ́ Íńdíà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso sí. Iye ènìyàn tó wá wò ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Wọ́n kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wá láti Íńdíà, ahunṣọ, amọ̀kòkò, agbẹ́gilére, wọ́n sì ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lójú àwọn èrò. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kò mọ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n láti ọgbà ẹ̀wọ̀n Agra, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà.

T. N. Mukharji, òṣìṣẹ́ ìjọba láti Bẹ̀ńgálì, wà lára àwọn tí wọ́n rán wá láti bójú tó ìpàtẹ náà. Ọjà ló wá ṣe àlàyé rẹ̀ fún àwọn èrò, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi rí i pé òun gan-an ti wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Àwọn ènìyàn á dúró, wọ́n á ranjú mọ́ ọn láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n á máa méfò iye ìyàwó tó fi sílẹ̀ nílé, 250 sì ni iye tí ẹnu wọn fẹ́ràn jù. Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ti abúlé wá bá a sọ̀rọ̀. Ẹnu ya ọmọbìnrin náà pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wá yìn ín fún bí àwọn onílù àti afọnfèrè ilẹ̀ rẹ̀ ṣe dára tó. Àwọn olórin tí ọmọ náà ń sọ kì í ṣe ará Íńdíà rárá. Ọmọ erékùṣù West Indies ni wọ́n, ènìyàn dúdú bíi tiwa.

Mukharji kò bínú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ títí, kó lè rí nǹkan ròyìn fún àwọn ará abúlé rẹ̀. Nígbà tó délé, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé A Visit to Europe, tó jáde ní ọdún 1889. Nínú ìwé yẹn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wá di ohun tí a ń wò: bí wọ́n ṣe ń dìbò, bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń lanu wo ará ìlú mìíràn. Ó mọ̀ dájú pé kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n ń wò bẹ́ẹ̀. Ó rántí àwọn Súlù tí wọ́n ti wò ṣáájú, ó sì kọ wọ́n mọ́ ara rẹ̀.

Behramji Malabari wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1890 pẹ̀lú iṣẹ́ kan pàtó lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀yà Parsi ni, akéwì àti olóòtú ìwé ìròyìn ní Bọ́ḿbè, ó sì ti ń jà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n yé fa ọmọdébìnrin fún ọkọ. Ó wá bẹ àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n dá sí i, ariwo tó pa sì wà lára ohun tó mú kí òfin ọdún 1891 jáde, èyí tó gbé ọjọ́ orí tí ọkùnrin lè bá ọmọbìnrin lò pọ̀ lábẹ́ òfin Íńdíà láti 10 sí 12. Láàárín ìpàdé kan sí èkejì, ó ń rìn káàkiri ìlú. Ìwé rẹ̀, The Indian Eye on English Life, jáde ní ọdún 1893.

Ohun tó kọ́kọ́ gbá Malabari lójú ni ìkánjú. Ọkùnrin ń sáré, obìnrin ń sáré, ẹṣin ń sáré, ariwo kò sì dá. Lẹ́yìn náà ló dé East End, ìhà ìlà-oòrùn ìlú, níbi tí àwọn òtòṣì òṣìṣẹ́ kún bámúbámú. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti wúwo lórí ìwé. Ó mọ̀ pé Íńdíà tálákà, kò sì fi í pamọ́. Síbẹ̀ ó kọ ọ́ pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé irú òṣì tí òun rí ní East End kò tíì wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ òun. Ẹ ronú ohun tí èyí já mọ́ fún òǹkàwé ní Bọ́ḿbè nígbà náà. Wọ́n ti sọ fún un láti kékeré pé ọgbọ́n àti ọrọ̀ ló fún Gẹ̀ẹ́sì ní àṣẹ láti ṣàkóso. Ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ wá dé ibẹ̀, ó rí i pé ọrọ̀ náà kò tí ì délé aládùúgbò àwọn tó ni ín.

Ìgbà tí Malabari ń rìn káàkiri yìí, akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan wà ní ìlú náà tí kò tíì lórúkọ. Mohandas Gandhi kò tíì pé ọmọ ọdún 19 nígbà tó wọkọ̀ ní Bọ́ḿbè ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1888. Àwọn àgbà ìran rẹ̀ ti pè é síwájú wọn, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ré òkun. Ó ní òun yóò lọ. Wọ́n ta á nù, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni tó bá ràn án lọ́wọ́ tàbí tó sìn ín lọ sí èbúté. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ kó lọ, lẹ́yìn tó búra níwájú rẹ̀ pé òun kò ní fọwọ́ kan ọtí, obìnrin àti ẹran.

Aṣọ funfun ló wọ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó rò pé ìyẹn ló bá ìjáde mu. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni, gbogbo ènìyàn tó kù ti wọ aṣọ dúdú nítorí òtútù, àpótí ẹrù rẹ̀ kò sì ní tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ títí di ọjọ́ Ajé. Ojú tì í. Dókítà Mehta, ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tó ti ń gbé ibẹ̀, wá kí i ní hòtẹ́ẹ̀lì. Gandhi mú àkẹtẹ̀ onírun ọ̀gá yìí, ó fọwọ́ pa á, irun rẹ̀ sì dìde. Mehta dá a dúró, ó sì fi ibẹ̀ kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Má fọwọ́ kan ohun olóhun. Má pariwo sọ̀rọ̀. Má máa bi ẹni tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ní ìbéèrè bí a ṣe ń bi ara wa nílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ti dé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gba irú ẹ̀kọ́ yìí lẹ́nu ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó ṣáájú wọn débẹ̀.

Ebi ló wá tẹ̀ lé e. Ìyá onílé rẹ̀ kò mọ ohun tí yóò sè fún ẹni tí kì í jẹran. Ẹ̀fọ́ bíbọ̀ tí kò ní ata ni wọ́n ń gbé fún un, ó sì ń tijú láti béèrè búrẹ́dì sí i. Ó ń rìn tó máìlì mẹ́wàá tàbí méjìlá lójúmọ́, ó ń wá ilé oúnjẹ tí kì í ta ẹran, títí tó fi bá ọ̀kan pàdé ní Farringdon Street. Ó ra ìwé Henry Salt lórí ọ̀rọ̀ àìjẹran ní ṣílè kan lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó sì jẹ àjẹyó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé. Títí di ọjọ́ náà, ìbúra tó ṣe fún ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó jẹran. Ìwé yẹn ló sọ ọ́ di ohun tó gbà gbọ́ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó gbìyànjú láti di Òyìnbó. Ó dá aṣọ ìrọ̀lẹ́ ní Bond Street ní pọ́n-ùn 10, ó ra àkẹtẹ̀ ní ṣílè 19, ó san pọ́n-ùn 3 fún ẹ̀kọ́ ijó, ó tún fi pọ́n-ùn 3 mìíràn ra fáyólíìnì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá dùùrù mu. Nígbà tó yá, ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí gbogbo ìyẹn wà fún, ó sì ta fáyólíìnì náà. Ó ń kọ gbogbo owó tó bá ná sílẹ̀, tó fi dórí kọ́bọ̀. Ó kó lọ sí yàrá tó dínwó, ó ń se oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn dípò kó wọ ọkọ̀. Nígbà tó yá, ó kọ ìwé atọ́nà kan fún àwọn ọmọ Íńdíà tó bá fẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣàlàyé nínú rẹ̀ pé pọ́n-ùn kan lè tó ènìyàn í gbọ́ bùkátà lọ́sẹ̀ kan. Wọn kò tẹ ìwé náà jáde nígbà ayé rẹ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí i ní ọdún 1889 tó yẹ kí gbogbo arìnrìn-àjò mọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjì ń ka ìwé mímọ́ Híńdù, Bhagavad Gita, nínú ìtumọ̀ Edwin Arnold. Wọ́n ní kó wá bá àwọn kà á. Ojú tì í, nítorí kò tíì kà á rí, ní èdè Sànskrítì ni o, ní èdè Gùjárátì ni o. Lọ́ńdọ̀nù ni ọmọ Íńdíà yìí ti kọ́kọ́ ṣí ìwé tí ó wá gbé gbogbo ayé rẹ̀ lé.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1891, ó di agbẹjọ́rò. Ní ọjọ́ 12, ó ti wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sílé.

Nígbà tó ti di aṣíwájú àwọn tó ń jà fún òmìnira ilẹ̀ rẹ̀, ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1931 fún ìpàdé lórí ọjọ́ iwájú Íńdíà. Gandhi kò gbé hòtẹ́ẹ̀lì. Kingsley Hall ní Bow ló dé sí, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ East End tí Malabari ti kọ̀wé nípa wọn. Aṣọ òwú funfun tí wọ́n fi ọwọ́ hun ní Íńdíà ló wọ̀ káàkiri, òun náà ló sì wọ̀ lọ sí ààfin Ọba George Karùn-ún. Ó lọ sí Lancashire, ó bá àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ní kí àwọn ará Íńdíà má ra aṣọ wọn mọ́. Wọ́n fi ayọ̀ gbà á. Ẹni tó ti fi ebi mọ ìlú náà ní kékeré mọ bí a ti ń bá òtòṣì ibẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Ní ọdún 1924, wọ́n tún ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn láti Nàìjíríà wá síbẹ̀. Ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù kan kọ ìkọkúkọ nípa ilẹ̀ wa. Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin níbẹ̀, kò dákẹ́. Ó kọ̀wé ta kò ó, ní ọdún tó tẹ̀ lé e ló sì wà lára àwọn tó dá WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ohun tí Mukharji fara dà ní ọdún 1886 ni Ṣólàńkẹ́ bá pàdé.

Lónìí, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ọmọ Yorùbá kò wọ Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń pe ilé lórí fóònù, wọ́n ń fi fídíò ránṣẹ́. Ìwé ni a kò rí tó. Abu Taleb kọ tirẹ̀ ní èdè Páṣíà, Tagore kọ tirẹ̀ ní Bẹ̀ńgálì, Gandhi sì fi Gùjárátì kọ ìtàn ayé rẹ̀, tó fi jẹ́ pé àwọn ará ilé ló kọ́kọ́ kà wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ̀yin tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ láti lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ohun tí ojú yín rí sílẹ̀ ní èdè Yorùbá: iye tí ilé ń gbà, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú arúgbó, ìwà tó wù yín àti èyí tó kọ yín lóminú. Ẹ má fi àléébù pamọ́, ẹ má sì fi ìyìn du ẹni tó tọ́ sí. Àwọn tó wà nílé ń dúró de ìròyìn náà.